Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Ohun Tó O Kà Yẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọ kíláàsì mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ máa ń rò pé ohùn òun ni mo fẹ́ gbọ́. Á dúró ṣánṣán, á na àyà, á sì figbe ta. Mo máa ń jẹ́ kó ké e tán. Ìgbà náà ni màá wá bi í pé: “Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ohun tó o kà yẹn? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Ibo ni wọ́n wà?” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń há sí i lọ́fun.

Oral interpretation ni wọ́n ń pe ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tíátà tí mò ń kọ́ni yìí. Èèyàn á mú ewì, ìtàn àròsọ tàbí lẹ́tà tí ẹlòmíràn kọ, á kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀, débi pé ohun tó wà nínú rẹ̀ á máa hàn sí wọn. Kò sí aṣọ eré, kò sí ògiri tí wọ́n kùn. Ìwé, ohùn, ojú àti ara nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn òbí máa ń rò pé ẹ̀kọ́ ìgbafẹ́ ni. Ẹ̀kọ́ ìwé kíkà ni o, torí ohun tí kò bá yé èèyàn, bó bá ti ń kà á síta ni ẹnu rẹ̀ á máa tú u fó.

Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta tí mo máa ń kọ sójú pátákó: Ó ṣí ilẹ̀kùn. Kò sọ nǹkan kan. Ó padà wọlé. Ká ní aládùúgbò tó ń yọjú lójú fèrèsé ló ń ròyìn rẹ̀. Á sáré sọ ọ́, ẹ̀rín á máa pa á nínú, “kò sọ nǹkan kan” ló sì máa dùn mọ́ ọn lẹ́nu jù. Wàyí o, ká ní ẹni tó kan ilẹ̀kùn gan-an ló ń sọ ọ́, ọmọ tó ti kúrò nílé ọjọ́ ti pẹ́, tí ìyá rẹ̀ sì wá ṣílẹ̀kùn fún un. Ó gbọ́dọ̀ dákẹ́ lẹ́yìn “ilẹ̀kùn”, torí ojú ti pàdé ojú. Báwo ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe máa pẹ́ tó? Bó bá kúrú, ìbínú ìyá la máa gbọ́. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, a máa gbọ́ pé ìyá fẹ́ sọ̀rọ̀, kò rí i sọ. A ti lo wákàtí méjì gbáko rí lórí gbólóhùn mẹ́ta yìí, a ò sì yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀.

Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí, wọ́n á sì ní kó o gbé ohùn sókè lórí ọ̀rọ̀ tó o bá fẹ́ tẹ̀ mọ́ni létí. Ẹ má dán an wò nínú ewì Yorùbá! Obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ á kàn di ẹni tó ń sunkún ọkọ́ tó sọnù. Ìdánudúró, yíyára tàbí fífalẹ̀ ọ̀rọ̀, àti agbára èémí la fi ń ṣe é lédè tiwa.

Òṣèré á wọ ara ẹnì kan, á sì kọjú sí ẹnìkejì rẹ̀ lórí ìtàgé. Ní ti òǹkàwé, gbogbo àwọn èèyàn inú ìtàn ló kó sí ọ̀fun kan ṣoṣo, iwájú rẹ̀, lókè orí àwọn tó ń wò ó, ló sì ń tò wọ́n sí. Bí èèyàn méjì bá ń jiyàn, kò ní máa fò sọ́tùn-ún fò sósì bí ológbò tó rí eku méjì. Á kàn yí ojú díẹ̀, ó tán. Nígbà témi náà wà lákẹ́kọ̀ọ́, mo ka ewì kan, mo sì sunkún débi pé imú mi ń dà. Mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ. Olùkọ́ mi ní: “Ìwọ là ń wò. A ò rí ẹni tó kú.”

Ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni tíátà àti kíkà sétígbọ̀ọ́ ti wá sí yunifásítì. Ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ló bí kíkà sétígbọ̀ọ́. Robert Cumnock dá ilé ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀ ní Northwestern, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1878. Lọ́dún 1880, wọ́n dá èyí tó di Emerson College sílẹ̀ ní Boston. Ọdún 1914 ni oyè ẹ̀kọ́ tíátà tó wá bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, nílé ẹ̀kọ́ Carnegie ní Pittsburgh. Ẹ̀kọ́ François Delsarte, ará Faransé tó kú lọ́dún 1871, gbòde láàárín àwọn onísọ̀rọ̀ náà. Ó ti fara balẹ̀ wo bí ohun tó wà nínú èèyàn ṣe ń hàn lára. Àwọn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọwọ́ láyà fún ìfẹ́, ọwọ́ níwájú orí fún ìbànújẹ́, bí ère. Mo ṣì ń rí i lára àwọn ọmọ kan títí dòní.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Robert Breen, ní Northwestern kan náà, láwọn ọdún 1940. Ó gbé ìtàn àròsọ sórí ìtàgé láì sọ ọ́ di eré. Asọ̀tàn wà láàárín àwọn èèyàn inú ìtàn, ẹni tínú ń bí á sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé “inú ń bí i, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.” Chamber theatre ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa rí i pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ báyìí kò lè fi nǹkan kan pa mọ́.

Ẹni tó bá ń wá ẹ̀kọ́ yìí lónìí lè má rí orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Lọ́dún 1984, ẹ̀ka tó ń kọ́ ọ ní Northwestern di Performance Studies; níbòmíì, abẹ́ tíátà tàbí ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀ ló wà. Ẹ má jẹ́ kí àwòrán eré tó dán tàn yín. Ẹ béèrè iye ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa dúró ka nǹkan síwájú èèyàn lọ́dún, àti bóyá ó máa kọ ìwé nípa ohun tó kà. Yóò tún gbé iná, yóò rán aṣọ, yóò jókòó ti rìhásà dòru. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì tó ń kọ́ni ní tíátà.

Ìlà méjìlá péré ni ìdánwò mi àkọ́kọ́. Kí ọmọ tó la ẹnu, mo máa ń gba ìwé rẹ̀ wò: ibi tó fi pẹ́ńsù fa ìlà sí, ibi tó máa mí, ibi tó kọ “ta ni?” sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo bá rí ojú ìwé tó mọ́ tónítóní bí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, mo máa ń ní kó lọ jókòó, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.