Ilé tí ìjọba kọ́ fún mẹ̀kúnnù, kí ló ń sọ ọ́ di ti olówó?

Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi ara wọn ní Ìkòròdú níbí nìyí, pàápàá tí rẹ́ǹtì bá ti fẹ́ pé. Mo dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Jákàńdè kọ́lé fún mẹ̀kúnnù. Kí ló wá dé tí apá mẹ̀kúnnù ò ká a mọ́?

Torí pé wọ́n tà á ni. Láàárín 1979 sí 1983 tó fi jẹ́ gómìnà Èkó, ó kọ́lé lọ rẹpẹtẹ, Ìsọlọ̀, Abẹ́sàn, Mile 2, ẹni tó bá sì rí gbà nígbà yẹn dúpẹ́ gan-an, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ta ilé tán, ó ti di ti ẹni tó rà á nìyẹn, ó lè tà á fẹ́lòmíì ní iye tó bá wù ú, onítọ̀hún náà á tún fowó lé e, ọmọ mẹ̀kúnnù tí wọ́n bí lẹ́yìn náà ò ní bá nǹkankan níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré nirú ilé bẹ́ẹ̀ ń ran tálákà lọ́wọ́, ó sì máa ń dùn mí, torí owó gbogbo wa ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ṣé ibì kan wà tí wọ́n ti ṣe é jùyẹn lọ?

Ó wà. Ní Vienna, olú-ìlú Austria, ìjọba ìlú ti ń kọ́lé látàwọn ọdún 1920, wọ́n ń fi háyà fáráàlú ni. Karl-Marx-Hof tí wọ́n ṣí ní 1930, àwọn tẹ́náǹtì ìjọba ṣì ń gbé ibẹ̀ dòní. Bí ìdajì àwọn ará ìlú yẹn ló ń gbé ilé tí ìjọba ní tàbí èyí tí ìjọba dá sówó ẹ̀. Ní Singapore ní tiwọn, wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n ọdún 99 ni wọ́n ń tà fún yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbébẹ̀ ọdún 5 ó kéré tán kẹ́ ẹ tó lè tà á.

Òfin ní kí lánlọ́ọ̀dù má gba ju rẹ́ǹtì ọdún kan. Kí ló wá dé tí wọ́n ṣì ń gba ọdún méjì?

Òfin 2011 sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ó sì kan Ìkòròdú. Ẹ̀wọ̀n oṣù 3 tàbí 100,000 náírà ni ìjìyà ẹ̀, àmọ́ àtẹni tó gbà á àtẹni tó san án ni òfin náà mú, ta ló wá fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn? Ẹ tún wo ìwé tí ẹ́jẹ́ǹtì máa ń kọ lé èèyàn lọ́wọ́ tó bá ń wá rúùmù-àti-pálọ̀ ní Agric: rẹ́ǹtì lókè, àgírímẹ́ǹtì lábẹ́ ẹ̀, kọmíṣọ̀n, kọ́ṣọ̀n (owó tí wọ́n ń dì mú nítorí ohun tẹ́ ẹ bá bà jẹ́), kẹ́ ẹ tó rò ó pọ̀ ó ti fẹ́ tó rẹ́ǹtì ọdún kan ààbọ̀. Níbi tílé ò bá ti tó, ẹni tó ń wá yàrá á san án ni.

Ṣebí rẹ́ǹtì ò wọ́n ní Ìkòròdú?

Ẹ ṣírò owó mọ́tò mọ́ ọn o. Ẹni tó ń ti Ìjẹ̀dẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Victoria Island lójoojúmọ́, rẹ́ǹtì tó dín kù yẹn, ojú ọ̀nà ló ń san án sí. Ẹ̀gbẹ́ títì BRT, ìyẹn ọ̀nà bọ́ọ̀sì ńlá, àti Ẹ̀búté tí ọkọ̀ ojú omi wà ló yẹ kí ilé ìjọba wà.

Àwa tá ò gba owó oṣù ńkọ́?

Ètò tẹ́ ẹ máa fi san rẹ́ǹtì títí ilé á fi di tiyín wà l'Ékòó láti 2016, ẹ ó kọ́kọ́ san ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ó wá fi ọdún 10 san ìyókù. Ó dáa, àmọ́ wọ́n máa béèrè ìwé owó orí, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó ń wọlé déédéé, ìyá tó ń ta ata ní Sábọ̀ á ti ṣe é? Ẹni tó tiẹ̀ ti ní pulọ́ọ̀tì kan ní Ìmọ́tà fẹ́ yá owó kọ́lé, risíìtì ẹbí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, báǹkì dẹ̀ fẹ́ rí C of O, ìyẹn ìwé ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, torí òfin ilẹ̀ 1978 ti fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Kí ìjọba jẹ́ kí owó ìwé ilẹ̀ yẹn wálẹ̀ kó sì yá, kí wọ́n gba ìwé àjọ ọjà àti àkọsílẹ̀ èsúsú bí ẹ̀rí pé owó ń wọlé.