Yíyan ètò díjítà fún àtúnṣe ìró inú yàrá

Àtúnṣe ìró inú yàrá ní ọ̀nà díjítà ni iṣẹ́ tí ètò kọ̀ǹpútà ń ṣe láti dín ohun tí yàrá ń bà jẹ́ lára orin kù. Maikirofóònù ni a fi ń wọn bí ìró ṣe ń dé ibi tí olùgbọ́ ń jókòó sí. Ètò náà yóò fi ohun tó rí wé bó ṣe yẹ kí ìró rí, yóò sì ṣe asẹ́ tí orin gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó dé áńpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára. Dirac Live láti Swídìn, Audyssey MultEQ láti Amẹ́ríkà, RoomPerfect tí Lyngdorf ti Dẹ́nmárkì ń lò àti YPAO tí Yamaha ti Jàpáánì ń lò wà lára àwọn tó gbajúmọ̀. REW, tí a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ náà ń lò.

Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ìgbì ìró 50 Hz (ìyẹn ìgbì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) gùn tó nǹkan bíi mítà 7, nígbà tí ti 10,000 Hz kò ju sẹ̀ǹtímítà 3.4 lọ, ìyàtọ̀ yìí sì ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìgbì gígùn máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, láàárín ògiri méjì tó kọjú síra. Níbi kan, èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ á ran ara wọn lọ́wọ́, níbòmíràn wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Nínú yàrá tó gùn ní mítà 5, èyí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 34 Hz, ó sì tún ń ṣẹlẹ̀ ní 69 Hz àti 103 Hz, ká má tíì sọ ti ìbú yàrá àti gíga àjà. Ẹni tó bá tan ohùn 69 Hz nìkan sílẹ̀ nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, tó sì rọra rìn láti ògiri kan sí èkejì, yóò gbọ́ bí ohùn náà ṣe kún etí lẹ́bàá ògiri, bó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá nígbà tó rìn tó mítà kan àti díẹ̀, àti bó ṣe tún kún ní àárín yàrá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bọ́tìnnì.

Gegele, níbi tí ìró ti kún jù, àti kòtò, níbi tó ti pòórá, kì í ṣe bákan náà lójú asẹ́. Bí yàrá bá gbé 34 Hz ga ní dB 12 (dB ni a fi ń wọn bí ìró ṣe pariwo tó), asẹ́ lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní dB 12, ìró tó ń pẹ́ kó tó kú nílẹ̀ ní ibẹ̀ náà á sì tètè kú, nítorí pé orísun kan náà ni gíga rẹ̀ àti pípẹ́ rẹ̀ ti wá. Ti kòtò yàtọ̀. Níbi tí ìgbì méjì ti ń pa ara wọn rẹ́, agbára tí a bá fi kún èyí tó ń lọ ti kún èyí tó ń bọ̀ pẹ̀lú, wọ́n á sì tún pa ara wọn rẹ́. Ó tún ń ná áńpílífáyà ní nǹkan: dB 3 péré ń béèrè ìlọ́po méjì agbára, dB 10 ń béèrè ìlọ́po mẹ́wàá. Ètò tó bá fi ààlà sí iye tó lè fi kún ìró ló yẹ kí ènìyàn wá.

Kódà, ọ̀pọ̀ kòtò jẹ́ ọ̀rọ̀ ibi tí a gbé nǹkan sí. Sípíkà tí iwájú rẹ̀ jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn ní mítà 1 yóò ní kòtò ní agbègbè 86 Hz, torí pé ìró tó yí sẹ́yìn, tó sì ta lára ògiri, ti rin mítà 2, tí í ṣe ìdajì gígùn ìgbì náà, kó tó padà dé iwájú sípíkà. Kí a sún sípíkà tàbí àga díẹ̀ ló ń wo irú èyí sàn. Ìdí nìyí tí gbígbé sípíkà àti àga sí ibi tó yẹ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ríra ètò àtúnṣe.

Ibi tí àríyànjiyàn wà ni bóyá kí a tún ìró òkè ṣe. Láti nǹkan bíi 200 sí 300 Hz sísàlẹ̀ nínú yàrá inú ilé, yàrá ló ń pàṣẹ. Lókè ibẹ̀, sípíkà fúnra rẹ̀ ló ń jẹ gàba. Floyd Toole, onímọ̀ ìró ọmọ Kánádà, ti tẹnu mọ́ ọn pé etí ń ya ìró tó wá tààrà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ta bọ̀ láti ara ògiri, ohun tí maikirofóònù kan kò lè ṣe, nítorí náà asẹ́ lè ba sípíkà tó ti dára tẹ́lẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó dára kí olùrà yan ètò tó ń jẹ́ kó fúnra rẹ̀ pinnu ibi tí àtúnṣe yóò dé. Dirac ní ẹ̀dà kan tí kò kọjá 500 Hz, tó sì tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Ó tún yẹ kí ètò náà gba olùlò láàyè láti yí ìlà àfojúsùn padà, ìyẹn ìlà tó ń fi bí a ṣe fẹ́ kí ìró rí hàn, torí ìlà tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìsàlẹ̀ dé òkè máa ń mú kí orin le létí. Èyí tó rọra ń lọ sílẹ̀ bí Hz ti ń pọ̀ sí i ni ọ̀pọ̀ olùgbọ́ fẹ́ràn.

Kò sí ètò tó dára ju ìwọ̀n tí a fún un lọ. Orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kí maikirofóònù wà, kí orí rẹ̀ ṣe déédéé etí ẹni tó jókòó, kí fáànù wà ní pípa, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó sórí àga náà nígbà tí ohùn ìdánwò bá ń gun òkè láti ìsàlẹ̀. Ibi kan ṣoṣo kò tó. Audyssey MultEQ XT32 ń gba ìwọ̀n ní ibi 8, kí asẹ́ má baà tẹ̀lé àléébù tí ènìyàn yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá kàn gbé orí kúrò. Maikirofóònù tó ní fáìlì ìtọ́sọ́nà tirẹ̀, bíi UMIK-1 ti miniDSP, ṣeé fọkàn tán ju èyí tí a kò mọ àṣìṣe rẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń wo fíìmù ní láti bojú wo ìdádúró tí asẹ́ ń fà, nítorí asẹ́ gígùn tó ń tún àkókò ìró ṣe lè mú kí ohùn kẹ́yìn ètè òṣèré bí ẹ̀rọ kò bá lè dá àwòrán dúró dè é. Fún àwọn tí àga wọn pọ̀, sọ́búwúfà (sípíkà tó wà fún ìró ìsàlẹ̀) méjì tàbí mẹ́rin tí a pín yí yàrá ká ń mú kí ìró ìsàlẹ̀ súnmọ́ra láti àga dé àga. Ètò tó lè wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó sì lè tún àkókò wọn ṣe pọ̀, ló bá irú yàrá bẹ́ẹ̀ mu.