Ìdí tí kánópì gíláídà kì í fi í wọ àyè rẹ̀ bákan náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án

Gíláídà ni ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnì, tó ń gun atẹ́gùn tó ń lọ sókè. Kánópì ni ìdérí tó mọ́ gaara tó bo awakọ̀ lórí. Ojú máa ń pè é ní gíláàsì, àmọ́ ike ni: akírílíìkì, èyí tí àwọn tó ń ṣe sáìnbọ́ọ̀dù nílẹ̀ wa ń pè ní Perspex, tí wọ́n sì ti ń pè ní Plexiglas ní Jámánì láti 1933. Jíjẹ́ tó jẹ́ ike gan-an ló ń fa wàhálà.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nǹkan ló ń gùn nínú ooru tó sì ń súnkì nínú òtútù, àmọ́ wọn kì í ṣe é ní ìwọ̀n kan náà. Bí ooru bá fi digírì 1 lé sí i, akírílíìkì tó gùn ní mítà 1 á fi bíi mìlímítà 0.07 gùn sí i. Alumíníọ̀mù á fi 0.023 gùn, irin á fi 0.012 gùn. Fáíbà gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe ara gíláídà àti férémù kánópì wà nítòsí 0.015, fáíbà kábọ̀n ní tiẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira rárá.

Ẹ mú kánópì tó gùn ní mítà 2. Láti digírì 5 nísàlẹ̀ òdo ní òwúrọ̀ ọjọ́ òtútù dé 35 lábẹ́ oòrùn, ìyàtọ̀ jẹ́ 40. Akírílíìkì fẹ́ fi mìlímítà 5.6 gùn, férémù fáíbà fẹ́ fi 1.2 gùn. Mìlímítà 4.4 tó kù kò ríbi lọ, nítorí àtè ti so àwọn méjèèjì pọ̀. Ohun tí wọ́n á ṣe ni kí wọ́n tẹ̀. Ike wà lókè, férémù wà nísàlẹ̀; nínú ooru, ààrin kánópì á fẹ́ yọ sókè, imú àti ẹ̀yìn á sì tẹ ara ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Nínú òtútù, imú àti ẹ̀yìn ló máa fẹ́ gbéra, ẹ̀gbẹ́ á sì fún wọlé. Bí ó ṣe máa pọ̀ tó wà lọ́wọ́ bí férémù bá ṣe le tó.

Òtútù òkè tún burú ju ti ilẹ̀ lọ. Níbi tí ooru ilẹ̀ bá ti jẹ́ 15, ìṣirò tí gbogbo ayé ń lò ni pé yóò máa fi 6.5 dínkù ní mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan: ní mítà 5,000, ó ti di 17.5 nísàlẹ̀ òdo. Kánópì tó tì dáadáa nílẹ̀ lè la àlàfo lókè, kí afẹ́fẹ́ máa fun fèrè létí awakọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn rí i pé ìkọ́ tí wọ́n fi ń ti kánópì le láti tì láàárọ̀, kó sì gbé sáńpépà. Ẹ má ṣe é. Ẹ ti kánópì, kí ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ nínú hángà, ìyẹn ilé tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ òfuurufú sí, mọ́jú títí tẹmómítà inú rẹ̀ á fi dúró sí nǹkan bíi 20. Ẹ wá ki bébà tín-ínrín bọ etí rẹ̀ yíká: ibi tó bá ti ń yọ̀ fàlàlà ní àlàfo, ibi tó bá ti di bébà mú ló fún. Ẹ kọ ìwọ̀n imú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ooru ọjọ́ náà, kí ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ òtútù. Bí fífún náà bá pòórá ní 20, kò sóhun tó yẹ ní híha. Bó bá ṣì wà, ẹ kọ́kọ́ tún híńjì àti ìkọ́ tò. Etí férémù ló kẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀ sì ni, nítorí ohun tí ẹ bá ha dànù lónìí ni yóò di àlàfo lọ́sàn-án ọ̀la.

Fún kánópì tuntun, ẹ jẹ́ kí ike àti ọkọ̀ wà ní yàrá kan náà, láàárín 20 sí 25, fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó fi àtè kàn án. Orí ọkọ̀ ni kí férémù wà, ní títì, títí àtè á fi gbẹ. Bí ike kò bá jókòó fúnra rẹ̀, ẹ má fi agbára fún un wọlé: ipá náà á wà nínú rẹ̀ títí láé, yóò sì yọ ìlà fínífíní bí òwú aláǹtakùn, pàápàá bí ẹnì kan bá fi pẹtiróòlù, ásítóónù tàbí ọtí líle nù ún. Níbi tí síkúrù bá wà, ihò inú ike gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju síkúrù lọ, kí ẹ má sì dè é pinpin. Síkúrù tó fi mítà 1 jìnnà sí ààrin á nílò àyè bíi mìlímítà 2. Ẹnu ìlu tí wọ́n pọ́n fún ike ni kí ẹ lò. Ti irin máa ń gé e jẹ lójijì, á sì sán.

Òtútù ń mú akírílíìkì rọrùn láti fọ́. Igun fèrèsé kékeré tó wà lára kánópì ni ó sábà máa ń sán sí. Ihò mìlímítà 3 ní òpin ibi tó sán á dá a dúró fúngbà díẹ̀. Yìnyín tó bò ó ńkọ́? Ẹ má da omi gbígbóná sí i.

Ẹ má sì ṣí kánópì sílẹ̀ nínú oòrùn. Bó ṣe tẹ̀ kọrọdọ lè kó ìtànṣán jọ sójú kan, kó sì jó àga. Ẹ tì í, kí ẹ fi aṣọ funfun bò ó.

Ọwọ́ pupa tí awakọ̀ ń fà nígbà pàjáwìrì kí kánópì lè fò dànù náà ń bẹ níbẹ̀. Inú hángà tó móoru ni wọ́n sábà ti ń dán an wò, bẹ́ẹ̀ sì ni inú òtútù ni kánópì tó fún ti lè kọ̀ láti kúrò. Kí èèyàn méjì di kánópì mú lọ́jọ́ tó tutù, kí ẹni kẹta wà nínú ọkọ̀ kó fà á.