Bí Owó Bébà Àtijọ́ Nàìjíríà Ṣe Di Ohun Ìkójọ

Ẹni tó bá ń kó owó bébà àtijọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà jọ yóò tètè ṣàkíyèsí pé kì í ṣe pípẹ́ nìkan ló ń sọ owó di ọ̀wọ́n. Bí ìjọba ṣe gba owó náà kúrò lọ́wọ́ aráàlú ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ogun tàbí ọ̀ràn ìṣèlú ló máa ń wà nídìí pípààrọ̀ owó wa lọ́pọ̀ ìgbà, owó tí wọ́n bá sì fi ìkánjú gbà padà kì í ṣẹ́ kù púpọ̀.

Lẹ́yìn owó ẹyọ, ṣílè fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbòde. Lọ́dún 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa pèsè owó fún Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà lónìí, Sàró àti Gáńbíà. Ọdún 1916 ni owó bébà àkọ́kọ́ àjọ yìí jáde, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ti sọ fàdákà di ọ̀wọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tẹ bébà fún owó tó kéré bíi ṣílè méjì, tí wọ́n sì tún tẹ ti ṣílè kan ní 1918. Àwọn ènìyàn kò fi tayọ̀tayọ̀ gbà á, nítorí omi lè bà á jẹ́, ikán sì lè jẹ ẹ́, ẹ̀rù tí kì í ba ẹni tó ri owó ẹyọ tàbí fàdákà mọ́lẹ̀.

Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1959, ó sì gbé owó tiwa jáde: ṣílè márùn-ún, ṣílè mẹ́wàá, pọ́n-ùn kan àti pọ́n-ùn márùn-ún. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958 ló wà lára wọn, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé Roy Fenton, gómìnà àkọ́kọ́ báńkì náà. Owó yìí ti wà lọ́wọ́ wa kí òmìnira tó dé.

Ogun abẹ́lé ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ní oṣù Kìíní ọdún 1968, ìjọba àpapọ̀ yí àwọ̀ owó padà, wọ́n sì fún aráàlú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré láti pààrọ̀ ti àtijọ́, kí Biafra má baà fi owó Nàìjíríà tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ra ohun ìjà nílẹ̀ òkèèrè. Biafra náà tẹ owó tirẹ̀ jáde lóṣù kan náà, ṣílè márùn-ún àti pọ́n-ùn kan, tí wọ́n ya igi ọ̀pẹ àti oòrùn tó ń yọ sí. Nígbà tí ogun parí ní 1970, owó Biafra kò níyì mọ́, ogún pọ́n-ùn sì ni wọ́n san fún ẹni tó kówó sí báńkì, bó ti wù kí ohun tó kó síbẹ̀ pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ìdílé fi èyí tó kù sínú àpótí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí pọ́n-ùn kan Biafra fi wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akówójọ títí di òní, tí pọ́n-ùn márùn-ún Nàìjíríà ti 1958 sì ṣòro rí. Ìpàdánù ńlá ni bébà Biafra dúró fún, kò sì yẹ kí ẹni tó ń rà á tàbí tó ń tà á gbàgbé ìyẹn.

Náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, náírà méjì sí pọ́n-ùn kan. Ní 1977 ni ogún náírà jáde pẹ̀lú àwòrán Murtala Muhammed, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó wa. Ní 1979, Herbert Macaulay, Tafawa Balewa àti Alvan Ikoku tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ akówójọ le díẹ̀ níbí, nítorí pé wọn kì í kọ ọdún sára náírà ìgbà náà. Ìbuwọ́lùwé gómìnà báńkì ni a fi ń mọ ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́: bí ti Clement Isong bá wà níbẹ̀, kò lè pẹ́ ju 1975 lọ, bó bá sì jẹ́ ti Ola Vincent, a ti wà láàárín 1977 sí 1982.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun Buhari yí àwọ̀ gbogbo owó bébà padà, àyàfi àádọ́ta kọ́bọ̀, láti dá àwọn tó ń kó náírà lọ sókè òkun dúró. Owó 1979 àti ti 1984 jọra bí ìbejì, àwọ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà ó dára kí akówójọ ní méjèèjì.

Ti ọdún 2022 yàtọ̀. Wọ́n tún igba, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà ṣe, wọ́n sì fẹ́ gba ti àtijọ́ padà kíákíá. Ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 2023 pé kí a ṣì máa ná an títí di ìparí ọdún náà, wọ́n sì tún sún gbèdéke yẹn síwájú lẹ́yìn náà. Owó àtijọ́ àti tuntun jọ wà lọ́jà, nítorí náà ẹni tó tọ́jú ti àtijọ́ pa mọ́ nígbà náà, ní ìrètí pé yóò di ọ̀wọ́n láìpẹ́, ṣì ní láti dúró.