Irin ti wà nínú ọkàn, kí la tún ń fi oògùn méjì ṣe?

Bọ̀dá mi kan wà n'Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, káṣù ni wọ́n ń rà kiri oko. Lọ́dún tó kọjá àyà dùn wọ́n dé gẹ́ẹ́, la bá gbé wọn lọ s'Éèkó, wọ́n fi stent sí i fún wọn, ìyẹn irin tín-ínrín tó rí bí àwọ̀n tí wọ́n máa ń tẹ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn kó má baà pa dé mọ́. Oṣù kejì tá a dé ni mo rí i pé wọ́n ti pa oògùn méjì tì nínú èyí tí wọ́n kó fún wọn. Wọ́n ní, "Ṣebí irin ti wà ńbẹ̀, kí ni mo tún ń fi aspirin ṣe, àbí orí ló ń fọ́ mi?" Àyà mi já. Mi ò lè bá wọn jà torí ẹni tó kó oògùn yẹn lé wọn lọ́wọ́ ò ṣàlàyé kankan, mo kàn jókòó tì wọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ ibi tí oògùn náà ti wá.

Ara èèpo igi ni aspirin ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 1763, àlùfáà kan ní Ẹ́ńgílándì, Edward Stone, kọ lẹ́tà sí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn, pé òun lọ èèpo igi willow fáwọn tí ibà ń ṣe, ara wọn sì yá, bí àwa náà ṣe ń se dongoyaro nìyẹn. Lọ́dún 1897 ni Felix Hoffmann ní Bayer, ní Jámánì, wá fi irú èròjà tó wá látinú èèpo bẹ́ẹ̀ ṣe oògùn mímọ́, 1899 ni wọ́n sọ ọ́ ní Aspirin. Ẹni tó wá fura pé ó kan ẹ̀jẹ̀, dókítà àdúgbò ni, Lawrence Craven, ní Glendale, Califórníà. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn tóun gé bèlúbèlú fún, tí wọ́n ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù tí aspirin wà nínú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tètè dá, ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ò ní lè dènà ẹ̀jẹ̀ tó ń dì sínú ọkàn ni? Ó kọ ọ́ jáde láàárín ọdún 1950 sí 1956, wọn ò kà á sí. 1971 ni John Vane, onímọ̀ nípa oògùn, ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó gba Nobel lé e lọ́dún 1982. Nígbà tó di 1988 ni ìwádìí ISIS-2, tó lé lẹ́gbẹ̀rún 17 èèyàn, fi hàn gbangba pé aspirin ń gba ẹ̀mí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dídì ṣẹ̀ṣẹ̀ dí iṣan ọkàn ẹ̀ là.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bọ̀dá mi wà gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí. Lọ́jọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, dókítà kan, Andreas Gruentzig, ní Zurich, fi fèrè róbà kékeré kan (balloon) wọnú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn, ó fẹ́ ẹ, ojú iṣan náà là. Àmọ́ iṣan a máa pa dé padà, ìyẹn ni àwọn dókítà méjì, Jacques Puel ní Toulouse àti Ulrich Sigwart ní Lausanne ṣe fi irin tì í lọ́dún 1986. Gbogbo èèyàn rò pé ó ti parí. Kò parí o! Nínú èèyàn 105 tí wọ́n kọ́kọ́ fi irú irin yẹn sí lára tí wọ́n sì ṣọ́, irin ti dí pátápátá lára 25, ọ̀pọ̀ ò sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Platelet ló fà á, àwọn wóró kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń sáré pé jọ dí ojú ọgbẹ́ tí ọ̀bẹ bá gé yín lọ́wọ́ níbi tẹ́ ẹ ti ń bẹ iṣu. Wọn ò mọ ọgbẹ́ yàtọ̀ sí irin, bí wọ́n ṣe rí nǹkan àjèjì ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn dókítà wá ń da warfarin, oògùn mìíì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, lé aspirin, ẹ̀jẹ̀ wá ń ya lára àwọn aláìsàn ṣùrùrù, irin náà sì tún ń dí. Ìgbà tí wọ́n fi ticlopidine, oògùn àwọn Faransé tí kì í jẹ́ kí platelet lẹ̀ mọ́ra, kún aspirin ni nǹkan yí padà. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1998 ṣe é láàárín èèyàn 1,653: nínú oṣù kan, wàhálà bá ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo aspirin nìkan, ìdá 2.7 àwọn tó fi warfarin kún un, àmọ́ ìdá 0.5 péré nínú àwọn tó lo ticlopidine mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni oògùn méjì ti wá. Ticlopidine máa ń pa ẹ̀jẹ̀ funfun àwọn kan, ni clopidogrel tó dé lọ́dún 1997 bá gba ipò ẹ̀. Òun náà, ẹ̀dọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe é kó tó ṣiṣẹ́, ẹ̀dọ̀ àwọn mìíì ò sì ráyè ẹ̀, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń kọ ticagrelor fáwọn kan, àárọ̀ àtalẹ́ ni wọ́n ń lò ó, ó sì lè jẹ́ kí wọ́n máa mí gulegule.

Bọ̀dá mi bi mí pé àyà ṣì máa ń dùn wọ́n díẹ̀ tí wọ́n bá gun òkè, ṣé irin yẹn ò dáa ni? Mo ní rárá, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ ẹ rántí pé iṣan ńlá nìkan ni irin lè wọ̀. Àwọn iṣan tín-ín-tìn-ìn-tín tó pín ẹ̀jẹ̀ káàkiri ẹran ọkàn, àwòrán tí wọ́n ya fún yín l'Ékòó ò tiẹ̀ lè rí wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n lè lọ́ra. Èérún ẹ̀jẹ̀ tó dì lè já lójú irin kó lọ há sí wọn lára. Irin ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn láéláé, oògùn ló ń bá ẹ̀jẹ̀ ṣàn débẹ̀.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ṣé títí ayé ni. Mo ní méjèèjì pa pọ̀ kì í sábà ṣe títí ayé, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, dókítà ló máa sọ. Ìwádìí TWILIGHT lọ́dún 2019 tiẹ̀ yọ aspirin kúrò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta fáwọn kan, wọ́n fi ticagrelor nìkan sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lára wọn dín kù, wàhálà ọkàn ò sì pọ̀ sí i. Ẹnu yà wọ́n. Wọ́n ní èyí tí wọ́n fi èèpo igi ṣe yẹn ni wọ́n wá fẹ́ yọ? Wọ́n ní kí n bá wọn kọ ìbéèrè yẹn sínú ìwé, àwọn á bi dókítà lọ́jọ́ àpóńmẹ́ǹtì, wọ́n wá ní kí n bu omi wá.