Wíwẹ gínì píìgì àti ìtọ́jú rẹ̀ bí omi bá gba imú rẹ̀ wọlé

Gínì píìgì (Cavia porcellus) jẹ́ ẹranko afọ́mọlọ́mú kékeré láti ìdílé àwọn eku. Lórí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ títí dòní ní Peru, Bolivia àti Ecuador. Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, kò sì ti Gínì wá, ohun yòówù kí orúkọ rẹ̀ máa wí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, inú ilé ni wọ́n ń sìn ín sí bí wọ́n ṣe ń sin ológbò. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin àti Nàìjíríà, àwọn kan ń sìn ín fún jíjẹ, àwọn ilé ìwádìí náà sì ń lò ó. Àgbà rẹ̀ máa ń wọ̀n tó gíráàmù 700 sí 1,200. Ìwẹ̀ tí ajá máa gbọnra nù lásán lè di ọ̀ràn ikú fún ẹran tó kéré tó báyìí, nítorí pé ara rẹ̀ tètè ń tutù, imú rẹ̀ kò jìnnà sí omi, jìnnìjìnnì sì tètè ń bò ó.

Ṣé ó nílò ìwẹ̀?

Èyí tí ara rẹ̀ le tí irun rẹ̀ kò sì gùn kò nílò ìwẹ̀ rárá. Ahọ́n àti eyín ló fi ń tún irun rẹ̀ ṣe. Omi funfun kan tó dà bí mílíìkì sì máa ń sun lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, yóò fi nu ojú àti imú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí omi yìí máa ń rò pé àìsàn ojú ni. Kì í ṣe àìsàn, àfi bó bá ń sun láìdáwọ́ dúró tàbí tí ojú ọ̀hún pọ́n tàbí tó wú.

Òórùn ló sábà ń mú kí àwọn èèyàn gbé e sómi, bẹ́ẹ̀ àgọ́ rẹ̀ ló ń rùn. Bí a bá ń kó ibi tí ìtọ̀ ti rin ín kúrò lójoojúmọ́, tí a sì ń pààrọ̀ gbogbo ibùsùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, òórùn náà á lọ. Bí a bá wẹ ẹran, tí a tún dá a padà sórí ibùsùn tó rin, kò ní pé ọjọ́ kejì tí yóò tún máa rùn.

Ìwẹ̀ tó nídìí kò pọ̀. Àwọn onírun gígùn bíi Peruvian àti Silkie máa ń tọ̀ sí irun ìdí wọn. Èyí tó ti darúgbó tàbí tó sanra jù kò lè yíjú dé ẹ̀yìn ara rẹ̀ mọ́. Dókítà ẹranko sì lè ní kí a fi ọṣẹ olóògùn wẹ èyí tí làpálàpá mú, àìsàn tó máa ń ran èèyàn náà, tí ó fi yẹ kí ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ wọ ìbọ̀wọ́. Àwọn akọ tún ní ojú kan lókè ìdí, níbi tí ìrù ì bá wà, tí ọ̀rá ti ń sun jáde, tí irun ibẹ̀ fi máa ń lẹ̀ pọ̀. Àdín àgbọn díẹ̀ ni a ó fi pa á, a ó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, a ó wá fi aṣọ tí a rin sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún kúrò. Nínú púpọ̀ nínú ọ̀ràn wọ̀nyí, fífọ ìdí nìkan ti tó. Bí irun ìdí bá ń dọ̀tí lemọ́lemọ́, kí a gé e kúrú. Àlùmọ́gàjí sàn ju omi lọ.

A kì í wẹ èyí tó lóyún, èyí tó ń sín tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣomi, ọmọ tí kò tíì kúrò lẹ́nu ọmú, àti èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà tí kò tíì mọ ilé. Àárọ̀ ọyẹ́ kì í ṣe àkókò ìwẹ̀ fún èyíkéyìí nínú wọn.

Ìmúrasílẹ̀ àti ìwẹ̀

Gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ wà nítòsí kí a tó gbé ẹran: abọ́ pẹrẹsẹ méjì, aṣọ ìnura mẹ́ta, kọ́ọ̀bù kékeré kan, àti ọṣẹ olómi tí a ṣe fún àwọn ẹran kéékèèké. Ìdajì ṣíbí ìmutíì ọṣẹ nínú kọ́ọ̀bù omi kan ti tó. Ọṣẹ dúdú kò dára fún un, nítorí eérú tí a fi sè é mú kó le jù fún awọ rẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi apakòkòrò tí a fi ń fọ ilé àti kẹrosíìnì tí àwọn kan fi ń pa iná ara ẹran jẹ́ májèlé fún un, nítorí ohun tó bá wà lára rẹ̀ ni yóò fi ahọ́n lá.

Tẹ́ aṣọ ìnura kan sí ìsàlẹ̀ abọ́. Ibi tó ń yọ̀ ni ìpayà ti ń bẹ̀rẹ̀: bí èékánná rẹ̀ kò bá rí ohun dì mú, yóò fò, orí rẹ̀ yóò sì wọ inú omi. Bu omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 4 sínú abọ́, kó má ga ju ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ lọ. Kí omi náà wà ní 37 sí 38°C, nítorí ara gínì píìgì fúnra rẹ̀ máa ń gbóná tó 37.2 sí 39.5°C. Bí kò bá sí ohun ìwọn, ìgúnpá la fi ń dán an wò, bí a ti ń ṣe sí omi ìwẹ̀ ọmọ ìkókó. Má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń ṣàn. Ariwo rẹ̀ nìkan tó láti mú un ta kìjí.

Fi ọwọ́ kan gbé àyà rẹ̀ lẹ́yìn apá iwájú, fi èkejì gbé ìdí, kí o sì gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ìdí ṣáájú. Ọwọ́ àyà kò gbọdọ̀ kúrò títí ìwẹ̀ yóò fi parí. Ẹ̀yìn ọrùn lọ sí ìdí la ń da omi sí, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe orí. Ojú, etí àti imú kò gbọdọ̀ rí omi. Aṣọ tí a ti fún gbẹ la fi ń nu ojú. Lẹ́yìn tí a bá ti fi ọṣẹ náà pa á, kí a gbé e sínú abọ́ kejì, kí a ṣan án títí irun kò fi ní yọ̀ mọ́. Ọṣẹ tó kù sára máa ń mú un yún. Gbogbo èyí kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú 5 lọ.

Gbígbẹ ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Aṣọ ìnura la fi ń tẹ omi kúrò. A kì í fi ra á. Bí ẹ̀rọ ìgbẹrun bá wà, kó wà lórí ooru tó kéré jù, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí i, pẹ̀lú ọwọ́ wa láàárín láti mọ bó ti ń gbóná tó. Kí a pa fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù. Òkè irun lè gbẹ kí ìsàlẹ̀ ṣì rin, nítorí náà kí a fi ìka ya irun kan awọ kí a tó dá a padà sí àgọ́. Ti onírun gígùn lè gbà tó wákàtí kan.

Ìdí tí omi fi léwu fún èémí rẹ̀

Imú ni gínì píìgì fi ń mí. Nígbà tí ó bá la ẹnu mí, nǹkan ti bàjẹ́ púpọ̀. Ẹran rírọ̀ òkè ẹnu rẹ̀ so mọ́ ìdí ahọ́n, ihò kékeré kan ṣoṣo ló sì wà láàárín tí oúnjẹ ń gbà kọjá sí ọ̀fun. Kò sí àyè púpọ̀ níbẹ̀ tí omi lè yà sí, kò sì lè bì.

Omi tó bá dé ẹ̀dọ̀fóró máa ń fọ ohun yíyọ̀ tó jẹ́ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ dànù, àwọn àpò náà á sì lẹ̀ pọ̀. Omi ọṣẹ tún ń ta wọ́n. Bí ìdọ̀tí bá bá omi náà lọ, kòkòrò àrùn yóò ráàyè, òtútù àyà sì lè tẹ̀lé e lẹ́yìn ọjọ́ kan sí mẹ́ta, nígbà tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé ìwẹ̀.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Bí omi bá pá a lórí, kí a yọ ọ́ kúrò lójú kan náà. Gbé e lé apá rẹ pẹ̀lú ikùn nísàlẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ gbé àyà àti àgbọ̀n rẹ̀, kí orí rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ ju ìdí lọ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15. Omi tó wà nímú yóò ṣàn jáde. Fi bébà rírọ̀ nù ún bó ti ń jáde. Lẹ́yìn náà, kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A kì í fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró kì í ráyè ṣí báyẹn.

Bó bá sín ní ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta, tó gbọnrí, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tó máa gbà sá, ó ṣeé ṣe kí omi náà má tíì kọjá imú. Gbẹ ara rẹ̀, kí o gbé e síbi tó móoru tó sì dákẹ́, pẹ̀lú koríko gbígbẹ níwájú rẹ̀. Nígbà tó bá ti fara balẹ̀, ka ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń gbéra fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Láàárín 40 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan ló yẹ kó wà.

Kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀ bó bá la ẹnu mí, tó na ọrùn sókè láti wá afẹ́fẹ́, tí ìfófòó ń jáde nímú rẹ̀, tí ètè tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ di aláwọ̀ eérú tàbí búlúù, tí àyà rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí ewé gbígbẹ ń fọ́, tàbí tó rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Àpótí tó ní ihò, tí a tẹ́ aṣọ gbígbẹ sí, ni a fi ń gbé e. Ìgò omi gbígbóná tí a fi aṣọ wé lè wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó ráàyè sún kúrò níbẹ̀.

Àwọn ìtọ́jú kan wà tó máa ń pa á ju omi lọ. Àwọn kan máa ń di ẹran mú, tí wọ́n á jù ú fìrìfìrì kí omi lè jáde: ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ lè bàjẹ́ níbẹ̀. Fífún àyà lè ṣẹ́ egungun ìhà. Epo pupa tí a rọ sí i lẹ́nu yóò tún gba ọ̀nà tí omi gbà, epo kì í sì í gbẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìpara olóòórùn líle tí èèyàn fi ń para nígbà òtútù kò yẹ nítòsí imú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e

Fún wákàtí 72, kí a máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ ní àkókò kan náà lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Bó bá fi gíráàmù 50 fúyẹ́ sí i, kí a má dúró, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Èyí tí òtútù àyà ń mú bọ̀ máa ń káwọ́ sínú, irun rẹ̀ á dìde, ojú àti imú rẹ̀ á dì, kò sì ní sáré wá mọ́ bó bá gbọ́ ìró ewé. Ìfun rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró, nítorí náà, bó bá tó wákàtí 12 tí kò jẹun, ọ̀ràn pàjáwìrì ni, bó tilẹ̀ ń mí dáadáa. Gínì píìgì kò lè ṣe Vitamin C fúnra rẹ̀. Mílígíráàmù 10 sí 30 fún kílò ara kan ló nílò lóòjọ́, tàtàṣé tí kò ta sì ní in púpọ̀.

Dókítà lè fún un ní ọ́síjìn, kó gbọ́ àyà rẹ̀, kó sì ya fọ́tò ẹ́síréè, èyí tí kì í fi gbogbo nǹkan hàn ní ọjọ́ kìíní. Enrofloxacin àti trimethoprim pẹ̀lú sulfa wà lára oògùn apakòkòrò tí ara rẹ̀ gbà. Ampicillin, amoxicillin àti àwọn ọmọ ìyá wọn, tí èèyàn lè rà láìní ìwé ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Nàìjíríà, máa ń pa kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀, èyí tí ń ṣe jàǹbá á gbilẹ̀, ẹran náà á sì kú láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Omi inú síríńjì

Ìwẹ̀ nìkan kọ́ ni omi fi ń wọ̀ ọ́ nímú. Oògùn àti oúnjẹ tí a fi síríńjì fún un ń ṣe é bákan náà, pàápàá bí a bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ bí ọmọ ìkókó. Kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹnu síríńjì gba ẹ̀gbẹ́ wọlé lẹ́yìn eyín iwájú, kí a tẹ mílílítà 0.5 lẹ́ẹ̀kan, kí a sì dúró kó jẹ ẹ́, kó gbé e mì, kí a tó tẹ òmíràn. Èyí tí èémí rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tó fa omi símú kò gbọdọ̀ rí síríńjì rárá títí dókítà yóò fi sọ pé ó yá.