Dómù Afẹ́fẹ́: Òrùlé Tí Afẹ́fẹ́ Gbé Ró

Korakuen ni pápá bésíbọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yomiuri Giants lò ní Tokyo láti ọdún 1937 títí di ọdún 1987, kò sì ní òrùlé. Lóṣù kẹfà sí oṣù keje, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ní Jàpáànì. Tó bá ti ṣú dẹ̀dẹ̀, eré bà jẹ́ nìyẹn, ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì á padà sílé. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1988, wọ́n ṣí Tokyo Dome sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, pápá bésíbọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n bò pátápátá ní ilẹ̀ náà.

Ẹ wo òkè rẹ̀ dáadáa, ẹ ò ní rí òpó kankan. Òrùlé ọ̀hún kì í ṣe páànù, kì í ṣe kọnkéré. Aṣọ ni, èyí tí wọ́n fi òwú gíláàsì hun, tí wọ́n fi Teflon, irú èyí tó wà nínú ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, kùn, ìpele méjì, tí okùn irin sì gba orí rẹ̀ kọjá níbùú lóròó. Afẹ́fẹ́ ló gbé e ró, bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe ń gbé tírélà. Fáànù ńláńlá ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ilé náà, kí afẹ́fẹ́ inú lè máa lágbára ju ti ìta lọ.

Báwo ló ṣe lágbára jù ú tó? Nǹkan bí ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún péré! Ẹni tó bá gun ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láti ìsàlẹ̀ dé àjà kẹsàn-án ti la irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá, etí rẹ̀ sì lè má mọ̀. Síbẹ̀, lórí mítà kan níbùú lóròó, ó tó láti gbé ẹrù bíi kìlógíráàmù 30. Aṣọ àti okùn kò wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà lèèyàn ti ń mọ̀ ọ́n lára. Ilẹ̀kùn tó ń yí po ni wọ́n ń gbà wọlé kí afẹ́fẹ́ má bàa jò. Tí eré bá parí tí èrò ń rọ́ jáde, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn lásán, atẹ́gùn á sì máa ti èèyàn lẹ́yìn. Ẹni tó dé fìlà, kó yáa dì í mú.

Yìnyín ni ọ̀tá irú òrùlé yìí. Ní Minneapolis, l'Amẹ́ríkà, pápá ìṣeré Metrodome ní irú rẹ̀. Yìnyín wọ̀ ọ́ lọ́rùn ní oṣù kejìlá ọdún 2010, aṣọ náà ya, ó sì wó lulẹ̀. Ní Tokyo, wọ́n máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sáàárín ìpele méjèèjì kí yìnyín lè yọ́.

Àwọn ìlú yòókù ní Jàpáànì kò tẹ̀ lé Tokyo. Irin ni Fukuoka lò ní ọdún 1993, òrùlé tó ń ṣí tó ń pa dé. Irin náà ni Osaka àti Nagoya lò ní ọdún 1997. Ti àwọn Seibu Lions ní Tokorozawa ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: wọ́n gbé òrùlé lé pápá àtijọ́ lórí òpó, wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1999, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ gbayawu. Òjò kò pa wọ́n mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń há sábẹ́ rẹ̀, òtútù oṣù kẹta sì ń wọlé bó ṣe wù ú.